Ọjọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọdún 24 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní ìtàn. Lọ́dọọdún, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ sójú pátákó fún wọn ni pé ẹni tó bá ní nǹkan ṣẹlẹ̀, kó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí àwọn onílé àdúgbò wa ní kí n wá ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn: ìwé kò ní sọnù lọ́wọ́ tíṣà ìtàn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹta tí mo di akọ̀wé. Ó ná ìdílé mọ́kànlá lówó, ọwọ́ mi ló sì ti wá.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ gbé ìkéde kan sórí wẹ́bsáìtì wọn. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹjọ́ tiwọn kọ́ ni mo wá rò. Ìkéde náà ní kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé láìgba àṣẹ wá ṣe puláànù rẹ̀ kí àkókò kan tó pé. Wọn kò ní bu ìtanràn lé e, owó puláànù nìkan ni yóò san. Àdúgbò tuntun ni àdúgbò wa, oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ́lé ni àwa náà ṣe kọ́ ọ: o ra ilẹ̀, o ń da búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, o kó wọlé kí fèrèsé tó pé, kí owó ilé tí o háyà má baà jẹ owó sìmẹ́ńtì tán. Puláànù wà lára àwọn nǹkan tí à ń sọ pé a ó ṣe bó bá yá. Gbèdéke tó wà nínú ìkéde náà ni ọjọ́ 31, oṣù kejìlá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo kà á sókè sétí ìyàwó mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo kéde rẹ̀ níbi ìpàdé. Mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, fóònù sì ń dún káàkiri gbọ̀ngàn bó ṣe ń wọlé sí wọn lọ́wọ́. Bàbá kan wà láàárín wa tó ti lé ní 80 ọdún, òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n, Bàbá Rélùwéè la máa ń pè wọ́n. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì ni tiwọn.

"Akọ̀wé, ìwé ọ̀hún dà?"

"Bàbá, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sà."

"Mo gbọ́. Ìwé rẹ̀ ni mo ń bèèrè. Tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yìí."

"Bàbá, èyí tí a bá lẹ̀ mọ́ ara ògiri, òjò lè pa á, ewúrẹ́ lè fà á ya. Ibi tí èyí wà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá Rélùwéè dákẹ́. Náírà 50 ni wọ́n ń gbà nígbà náà láti tẹ ojúewé kan jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà lẹ́nu géètì wa.

Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o. Mo ti yí gbólóhùn yẹn wò lórí ibùsùn ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Ọwọ́ tiwa ni kò tó o. Ọwọ́ ẹni tó gbé e síbẹ̀ ń tó o tọ̀sán-tòru, kò sì ní láti kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni kó tó wọlé. Líǹkì tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe ìwé, àpèjúwe ọ̀nà ilé onílé ni. Mo júwe ọ̀nà fún ènìyàn 43, mo sì ń rò pé mo ti kó ilé lé wọn lọ́wọ́.

Oṣù kẹsàn-án kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ti lọ san tiwọn. Àwọn mọ́kànlá ṣì ń kó owó jọ, wọ́n ní kí Kérésìmesì tó dé, yóò ti pé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹwàá, mo gbọ́ ariwo láti ọ̀nà ilé Ìyá Ìbejì. Opó ni, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń tọ́ àwọn ọmọ. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin dúró níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa, wọ́n ti kọ ẹsẹ̀ kan nínú àmì X sára ògiri rẹ̀. Mo rántí pé ẹ̀rù kò bà mí rárá. Inú mi tiẹ̀ dùn, bí inú ẹni tó ń ta ayò tó ti rí ibi tí òun yóò gbà jẹ.

"Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ọmọ mi," ni mo wí. "Àkókò kò tíì pé." Mo na fóònù sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí wọn kí mi dáadáa, ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i.

Mo tẹ líǹkì náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà. Òbìrìkítí kékeré yẹn ń yí lójú fóònù, àwọn ará àdúgbò ń pọ̀ sí i lẹ́yìn mi, ọ̀dà pupa ń kán sílẹ̀ láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó ṣí, mo rí gbogbo ohun tí mo mọ̀: àmì ìjọba lókè, nọ́ńbà ìkéde náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ní oṣù kẹfà, ìbuwọ́lù ọ̀gá wọn nísàlẹ̀. N kò tiẹ̀ kà á. Mo fi ìka sí ìpínrọ̀ kẹta, mo nà án sí i. Ó kà á, ó wo ojú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù padà fún mi. "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á fúnra yín."

Ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án.

Mo ti ojúewé náà, mo tún un ṣí. Mo fà á sókè, mo fà á sílẹ̀, mo nu ojú fóònù mọ́ ara ṣòkòtò mi bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Alága wa wá dúró tì mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Akọ̀wé, ṣé bí ẹ ṣe kà á fún wa nìyí?" Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì lára ògiri: wọ́n ń kọ ẹsẹ̀ kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kó tó di aago mẹ́wàá, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé èmi ni mo ṣi ìwé kà. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ lè bá gbogbo ayé jà nítorí rẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ìrántí lọ, tó sì ń wo ìwé mìíràn tó ní àkọlé kan náà, nọ́ńbà kan náà, ìbuwọ́lù kan náà, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fura sí. Ìyàwó mi ní, "December lẹ kà sí mi létí. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́." Àmọ́ ta ni yóò gba ẹ̀rí ìyàwó akọ̀wé?

Mo sì ti rí ìwé tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà rí. Nígbà tí mo ń ṣe oyè kejì, mo lọ jókòó ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Akitiyan Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló bí ilé náà: láti 1951 ló ti ń yí ká ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ń wá ibi tí ìwé ìjọba wà àti ipò tó wà, títí ìjọba fi dá ọ́fíìsì ìpamọ́ ìwé sílẹ̀ ní 1954. Nínú àwọn fáìlì ayé òyìnbó tí mo kà níbẹ̀, bí ọ̀gá kan bá yí ọ̀rọ̀ padà, yóò fa ilà sí èyí tó kọ́kọ́ wà, yóò kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ àti déètì sí i. Ẹ óò ṣì rí ohun tó rò tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ilà náà. Ìwé a máa ní àpá bí awọ ara ènìyàn. Kódà bí wọ́n bá fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀, ojú ibẹ̀ yóò fẹ́lẹ́. Ojúewé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní awọ. Bí wọ́n bá pa December rẹ́, tí wọ́n kọ September síbẹ̀, yóò dà bí ẹni pé September ló ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó ti àwọn fáìlì yẹn. Ó yẹ kí n mọ̀.

Ọmọkùnrin tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹnu géètì ló kọ́kọ́ bá mi wá ẹ̀rí kiri. Ó fi Internet Archive hàn mí, àjọ kan ní San Francisco tó ti ń kó ẹ̀dà ojúewé pamọ́ láti 1996. Láti 2001 ni ẹnikẹ́ni ti lè wọ Wayback Machine wọn láti wo bí ojúewé kan ṣe rí ní ọjọ́ tó ti kọjá. Ọkàn mi sọ. A tẹ àdírẹ́sì ìkéde náà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn ìyípadà ni wọ́n sì mú un. "Bàbá," ló wí, "ká ní ẹ ti tẹ ibí yìí ní oṣù kẹfà ni." Ó fi ibi tí ènìyàn ti lè ní kí wọ́n mú ẹ̀dà lójú ẹsẹ̀ hàn mí. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2014, àwọn onímọ̀ òfin ní Harvard gbé ìwádìí jáde lórí àwọn líǹkì tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi sínú ìdájọ́ wọn: nǹkan bí ìdajì nínú wọn kì í gbé ènìyàn dé ibi ohun tí adájọ́ kà mọ́. Ní ọdún kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Lazarus fi hàn pé ilé ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń tún ọ̀rọ̀ inú ìdájọ́ ṣe lẹ́yìn tó ti gbé e jáde, láìkéde. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí ibi tí wọ́n bá yí, ní 2015. Pew Research Center sì sọ ní 2024 pé nínú àwọn ojúewé tó wà ní 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún kò ṣeé ṣí mọ́ nígbà tí ọdún mẹ́wàá fi kọjá. Bí irú èyí bá lè bá adájọ́ tó ní akọ̀wé àti láìbúrérì, kí ni kò lè bá Ìyá Ìbejì?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n kun ògiri, ọmọkùnrin náà ní kí n gbé fóònù mi wá, kí òun wo ohun tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹfà gan-an. Mo ní líǹkì lásán ni. Ó ní kí n ṣáà gbé e wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi líǹkì sórí WhatsApp, fóònù a máa fa àkọlé àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti inú ojúewé náà, a gbé e sínú àpótí kékeré kan mọ́ líǹkì ọ̀hún; ohun tó bá sì fà lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni yóò wà, bí ojúewé náà bá tilẹ̀ yí padà lọ́la. Mo ti wo àpótí yẹn bóyá ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ojú mi kò mú un. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gé níbi tí àyè ti tán. Ó sọ ti puláànù, ó sọ ti ìtanràn, ó ní kí wọ́n wá san án, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 31, ó sì gé síbẹ̀. Kò dé orí oṣù.

"Bàbá," ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín, "ṣé oṣù kẹsàn-án ní ọjọ́ 31 ni?"

N kò lè dáhùn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sunkún níwájú ọmọ tí mo lè bí.

Èmi, alága àti Bàbá Rélùwéè lọ sí ọ́fíìsì náà pẹ̀lú lẹ́tà tí lọ́yà kan bá wa kọ. Ìjà ni mo múra lọ. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ló gbà wá. Ó ka lẹ́tà, ó wo àpótí inú fóònù, ó pe ẹnì kan wọlé. Wọn kò jiyàn. Wọ́n ní àṣẹ tuntun ló wá láti òkè ní oṣù kẹjọ, ẹni tó ń bójú tó wẹ́bsáìtì sì ṣí ojúewé ti tẹ́lẹ̀, ó yí ọjọ́, ó tì í. "A kàn ṣe àtúnṣe ni, sà." Mo gbà wọ́n gbọ́. Kì í ṣe ìkà ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yìí rẹ́, ìmọ́tótó ni. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í ro ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sàmì síbẹ̀ lánàá. Bí ìjọba bá fẹ́ yí gbèdéke padà, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ kó kọ ìkéde tuntun, kó fún un ní nọ́ńbà tuntun àti déètì tuntun, kó sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níbi tí ojú yóò ti rí i. Bí gásẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe é nìyẹn kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé: bí àṣìṣe bá wà nínú ti àná, inú ti òní ni wọ́n ti ń tún un ṣe, kò sẹ́ni tó lè lọ fa ti àná yọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti rà á. Gbólóhùn kan ni Bàbá Rélùwéè fi sọ tiwọn níbẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ lè ní kí ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́jọ dípò aago mẹ́sàn-án. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n yọ ìdajì ìtanràn náà kúrò fún mẹ́wàá nínú àwọn mọ́kànlá. Ìyá Ìbejì ti san tirẹ̀ pé kí a tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀dà pupa yẹn ti mú un ta fíríìsà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tó fi ń ta omi tútù àti ẹja. Wọ́n ní owó tó bá ti wọlé sọ́dọ̀ ìjọba kì í padà jáde. A dá owó jọ fún un nínú ẹgbẹ́, èmi ni mo mú èyí tó pọ̀ jù wá. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdúpẹ́ yẹn ló ṣòro fún mi jù lọ láti gbà.

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ àyànmọ́ nìkan ló ń sọ. Ní báyìí, n kì í fi líǹkì ránṣẹ́ láìfi ẹ̀dà tì í. Ọjọ́ tí mo bá ka ìkéde ni mo ń tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì ń rí i dájú pé déètì àti àdírẹ́sì ojúewé náà hàn létí ìwé, nítorí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ wọ́n síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn kò bá ní kó má tẹ̀ ẹ́. Mo ń fi ẹ̀dà PDF pamọ́ sí ilé mẹ́ta, tèmi, ti alága, ti ọmọkùnrin ẹnu géètì. Mo sì ń ní kí Internet Archive mú tirẹ̀, kí ẹ̀rí má baà jẹ́ tèmi nìkan. Àwòrán tí ènìyàn yà lójú fóònù rẹ̀ sàn ju òfo lọ, àmọ́ ọmọ iléèwé lè yí i padà, ilé ẹjọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, mo ń padà lọ ṣí ojúewé náà. Ìyàwó mi a máa kà á sókè láti inú fóònù, èmi a máa fi ìka tọ ti inú ìwé.

Lọ́yà wa ló là mí lójú sí ohun tó wà nínú òfin. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde láyè ní kóòtù, àmọ́ ó ní ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà tó mú un jáde. Fún ìwé ìjọba tí aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti wò, abala 104 ní kí òṣìṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá san owó tó yẹ ní ẹ̀dà tó fọwọ́ sí, tó sì kọ déètì sí. Òun ni àwọn lọ́yà ń pè ní CTC. Mo ń lọ gbà á fún ohunkóhun tó bá kan ilé tàbí ilẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń fi mí falẹ̀, Òfin Òmìnira Ìròyìn, ti 2011 bákan náà, fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá mi lóhùn. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta lábẹ́ òfin yẹn. Wọ́n dáhùn méjì.

Ìkéde puláànù yẹn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àdírẹ́sì kan náà. Ó ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì sí i, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí, ìbuwọ́lù rẹ̀ kò yí. Ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀ wà nínú pátákó onígíláàsì lára ògiri gbọ̀ngàn wa, níbi tí Bàbá Rélùwéè tọ́ka sí lọ́jọ́ náà, déètì ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó sọ pé oṣù kejìlá nìkan ni kò sí níbẹ̀.